Ilẹ̀ Tí Mo Fi Ẹnu Gbà

Èdè Haúsá ló fún mi ní àga iwájú nínú ìjọ wa ní Úṣáfà. Kì í ṣe ìwé, nítorí ìwé mẹ́fà péré ni mo kà. Kì í sì í ṣe owó. Owó wo ló wà lọ́wọ́ opó aránṣọ? Bàbá mi ló ṣiṣẹ́ rélùwéè ní Mínà. Ibẹ̀ ni wọ́n bí mi sí, láàárín àwọn ọmọ Haúsá ni mo sì ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń jà àti bí wọ́n ṣe ń bẹ̀bẹ̀. Bí àlejò tí kò gbọ́ Yorùbá bá wọ ṣọ́ọ̀ṣì, tàbí tí ọ̀rọ̀ kan bá délẹ̀ láàárín ìjọ àti àwọn onílẹ̀, wọn á ní, "Ẹ pe Ìyá Fèyí wá." Inú mi a sì dùn. Ẹni tí kò ní ẹni tó ń pè é nílé, ibi tí wọ́n bá ti dárúkọ rẹ̀ ni yóò máa sáré lọ.

Láníyì ọkọ mi ti kú ní ọdún 1981. Típà ló ń wà níbi odò tí wọ́n ń sé lẹ́yìn Úṣáfà, kí ìlú Àbújá tuntun lè rí omi mu. Ó jáde láàárọ̀, wọ́n gbé e padà lọ́sàn-án. Àwọn ará ilé rẹ̀ wá láti Ìsánlú, wọ́n gbé òkú, wọ́n sì mú Fèyí ọmọ wa, ọmọ ọdún mọ́kànlá, pé kó lọ máa kàwé lọ́dọ̀ àbúrò bàbá rẹ̀ ní Ìlọrin. Kò sí ẹni tó ní kí èmi náà máa bọ̀. Mo ní n ó dúró díẹ̀ kí n fi máṣíìnì mi wá owó jọ. Díẹ̀ yẹn ti di ọdún mẹ́sàn-án báyìí.

Ọdún 1983 la gba ilẹ̀. A ò ju ogójì lọ nínú ìjọ nígbà náà: àwọn bíríkìlà láti Ìsẹ́yìn, àwọn awakọ̀ láti Ìkìrun, àti àwa ará Kwárà láti Ìsánlú, Mọ̀pà àti Kàbbà. Kíláàsì kan la ti ń jọ́sìn, orí àga àwọn ọmọdé la sì ń jókòó lé, tí orúnkún àwọn àgbà á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n wọn. Pásítọ̀ Ọbayẹmí, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ pé rárá, kó wa lọ bá bàbá arúgbó kan tó ń jẹ́ Gimba. Ọmọ ẹ̀yà Gwárí ni, ìran rẹ̀ ló ni gbogbo ìsàlẹ̀ Úṣáfà lápá ibi tí odò kékeré gbà kọjá. A gbé obì àti iyọ̀ dání.

Gimba ò béèrè owó. Ó ní ilé àdúrà kì í ba ìlú jẹ́. Ohun kan ṣoṣo ló béèrè. Ní ìsàlẹ̀ ilẹ̀ náà, létí odò, ni Láràbá ìyàwó rẹ̀ àti àwọn obìnrin agbo ilé wọn ti ń wa amọ̀ tí wọ́n fi ń mọ ìkòkò. Ṣé wọ́n á lè máa wà á lọ?

Mo túmọ̀ rẹ̀ fún Pásítọ̀. Pásítọ̀ ní, "Ẹ sọ fún wọn pé títí láé ni."

Mo sọ ọ́ ní Haúsá. Gimba ò wo Pásítọ̀, èmi ló ń wò. Ó ní, "Ìwọ lo sọ bẹ́ẹ̀?"

Mo ní, "Èmi ni."

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ara mi. Àwa tá à ń ṣe ògbufọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, bí oníwàásù bá ní "mo", "mo" làwa náà ń wí. Bó bá ní òun ti dẹ́ṣẹ̀, àwa náà á pariwo pé a ti dẹ́ṣẹ̀, lẹ́yìn náà a ó lọ sílé lọ jẹ ìrẹsì. Ọ̀rọ̀ ẹni tó sọ ọ́ ni, kì í ṣe tiwa. Bí mo ṣe rò ó nìyẹn. Ṣùgbọ́n Gimba la obì, èmi ló na awẹ́ àkọ́kọ́ sí, mo sì jẹ ẹ́ tán kí n tó rántí pé Pásítọ̀ ló yẹ kó kọ́kọ́ jẹ. Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín títí a fi délé. "Ìyá Fèyí ti gba ilẹ̀ o!" Akọ̀wé kọ ọ́ sínú ìwé ìjọ pé wọ́n fún wa ní ilẹ̀. Ọ̀rọ̀ amọ̀ kò sí níbẹ̀. Ta ló ń kọ ọ̀rọ̀ amọ̀ sínú ìwé ìjọ?

A kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì sókè ilẹ̀ náà. Èmi ni mo ń gbá a ní gbogbo Sátidé, nítorí pé ó sàn ju kí n jókòó ti máṣíìnì nínú yàrá tí mo háyà, kí n máa gbọ́ bí àwọn ọmọ onílé ṣe ń pe ìyá wọn. Ní ìsàlẹ̀ ibẹ̀ ni Láràbá ti ń wa amọ̀. Àwọn Gwárí kì í ru ẹrù sórí, èjìká ni wọ́n ń gbé e lé, Láràbá á sì máa fi èmi tí mo ń ru omi ṣe yẹ̀yẹ́. Á ní, "Kai, Bísí, orí yín ti le jù! Ọjọ́ wo lẹ ń fi í ronú?" Bó bá wa amọ̀ tán, á wá jókòó sí àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì, amọ̀ á gbẹ funfun sí i lẹ́sẹ̀, a ó jọ jẹ ẹ̀pà. Ìkòkò tó ń tà ní ọjà Bwari ló fi ń bọ́ ọmọ ọmọ márùn-ún. Òun nìkan ló máa ń béèrè Fèyí lọ́wọ́ mi. Àwọn ará ìjọ ń pè mí ní Ìyá Fèyí lójoojúmọ́, kò sì sí ẹni tó ń bi mí pé Fèyí dà.

Fèyí wá wò mí lẹ́ẹ̀kan péré, ní 1987. Ó ti gùn jù mí lọ. Ó sùn sórí ẹní láàárín bẹ́ẹ̀dì àti máṣíìnì, bó bá na ẹsẹ̀ á kan ilẹ̀kùn. Ọjọ́ mẹ́ta ló ṣe tó fi múra àtilọ. Ó ní, "Màmá, ẹ má bínú. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá ní ilé, n ó wá bá yín gbé. Níbí yìí, ibo ni kí n sùn sí?" Mo sìn ín dé Bwari, ó wọ mọ́tò, mo padà wá ká ẹní náà, mo sì sunkún bí ọmọdé.

Dìákónì Bámiṣayọ̀ ló wá fi ojúkòkòrò mi hàn mí. N kò ní purọ́ mọ́ ọn: òun ló ra páànù tó wà lórí ṣọ́ọ̀ṣì, òun ló sì sanwó ọsibítù nígbà tí ìyàwó Pásítọ̀ bímọ. Búlọ́ọ̀kù ló ń gé tà fún àwọn tó ń kọ́lé ní Wúsè, owó sì ń wọlé fún un. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti ṣoore fún Ọlọ́run tán, ojú tí wọ́n á fi máa wo gbogbo ohun tí Ọlọ́run ní, ojú onílé ni. Ní 1989, nígbà tí gbogbo ènìyàn ń sọ pé ìjọba ń kó bọ̀ wá sí Àbújá tán pátápátá, Dìákónì dìde nínú ìpàdé. Ó ní ilẹ̀ ìjọ ti pọ̀ jù fún ìjọ. Ó ní kí wọ́n gé ìsàlẹ̀ rẹ̀ sí pulọ́ọ̀tì, kí àwọn ọmọ ìjọ tó bá lágbára rà á, kí àwọn onígbàgbọ́ lè máa gbé lójú kan. Àwọn tó lágbára ṣe àmín. Òun fúnra rẹ̀ fẹ́ gba mẹ́rin.

Ìwé ló kù, ìwé tí onílẹ̀ máa tẹ̀ka sí, kí ẹnikẹ́ni má bàa yọ wọ́n lẹ́nu lọ́la. Wọ́n gbé e lọ bá Gimba. Gimba ní òun ò mọ̀ wọ́n. Ó ní obìnrin tó jẹ obì òun lòun fún ní ilẹ̀, kí wọ́n lọ mú un wá.

Bí Dìákónì ṣe wá sílé mi nìyẹn, pẹ̀lú mílíìkì agolo méjì àti páálí ṣúgà. Àga kan ṣoṣo tí mo ní ló jókòó lé, èmi jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì.

"Ọ̀kun o, Ìyá Fèyí." Bí wọ́n ṣe ń kíni nílé wa ló fi kí mi.

"Ọ̀kun, Dìákónì."

"Ọmọ ìyá kan náà ni wá, ẹ mọ̀. Mọ̀pà sí Ìsánlú, mélòó ni? Ẹ wò ó, ẹ bá wa bá bàbá yẹn sọ̀rọ̀. Kò sí ẹni tó máa kọ́lé sínú ihò. Típà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni n ó dà síbẹ̀, á tẹ́jú pẹrẹsẹ."

"Amọ̀ àwọn obìnrin ńkọ́?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Amọ̀ wo, Ìyá Fèyí? Ta ló tún ń fi ìkòkò pọn omi láyé òde òní? Rọ́bà ti wà." Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Ìjọ máa fún yín ní pulọ́ọ̀tì kan. Ọ̀fẹ́ ni. Èmi fúnra mi á fún yín ní búlọ́ọ̀kù yàrá méjì. Ṣé inú yàrá kan yìí náà lẹ ó máa gbé títí tẹ́ ẹ ó fi darúgbó?"

Mo fẹ́ ẹ. Kí n má tàn yín: mo fẹ́ ẹ gan-an. Yàrá méjì. Mo ti rí ibi tí bẹ́ẹ̀dì Fèyí máa wà, lẹ́bàá fèrèsé. Bí Dìákónì ṣe jáde ni mo kọ lẹ́tà sí i ní Ìlọrin, kí n tó dé ọ̀dọ̀ Gimba rárá.

Ní ọ̀dọ̀ Gimba, ẹní la jókòó lé. Pásítọ̀ wà níbẹ̀, ó ń fi ìka ya nǹkan sínú erùpẹ̀. Gimba gbọ́ gbogbo àlàyé tán, ó ní, "Àwọn obìnrin ńkọ́?"

Mo túmọ̀ rẹ̀. Dìákónì ní, "Ẹ sọ fún un pé ìjọ á máa tọ́jú wọn."

Mo mọ̀ pé irọ́ ni. Pásítọ̀ náà mọ̀. Mo wò ó bóyá ó máa sọ nǹkan, erùpẹ̀ ló ń wò. Mo sì sọ ọ́. Kì í ṣe pé mo ní Dìákónì ló wí. Mo mọ̀ pé bí mo bá dárúkọ Dìákónì, bàbá yẹn ò ní tẹ̀ka. Mo ní, "Bàbá, mo ṣèlérí. A ó tọ́jú wọn." Gimba na àtàǹpàkò rẹ̀ sí wọn, wọ́n kùn ún ní yíǹkì, ó tẹ̀ ẹ́.

Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì típà ti dé. Wọ́n dí àwọn ihò òkè, wọ́n mọ ògiri yí ilẹ̀ ká, wọ́n sì gba mẹ́gádì. Nígbà tí Láràbá wá pẹ̀lú igbá àti ọkọ́ rẹ̀, mẹ́gádì ní kó padà. Ilé mi ló gbà wá. Kò tíì wá rí. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Sànnu, Bísí. Mo wá béèrè ọjọ́ tí ìtọ́jú yẹn máa bẹ̀rẹ̀, kí n lè mọ bí n ó ṣe ṣe àwọn ọmọ."

Kì í ṣe èébú. Kò fi bú mi. Ó gbà á gbọ́ ni, ó wá gba ohun tí mo ṣèlérí.

Mo ní kò sí ìtọ́jú. Mo ní wọn ò ní ṣe é, mo sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí mo sọ ọ́. Ó wò mí, ó wo máṣíìnì mi, ó wo bẹ́ẹ̀dì mi. Ó ní, "Yauwa," bí ẹni tó ní ó dáa, ó sì lọ. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá kí Gimba lójú ọ̀nà, á yí orí sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Sátidé dé, mo gbá ṣọ́ọ̀ṣì, mo jókòó sí àtẹ̀gùn, mo jẹ ẹ̀pà tèmi nìkan. Mo gbàdúrà níbẹ̀. Mo ní, Olúwa, mo purọ́. N kò rí ọ̀rọ̀ mìíràn fi kún un.

Ẹ wá wo bí ayé ṣe rí. Nígbà tí wọ́n pín pulọ́ọ̀tì, èyí tó wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n fún mi, létí omi, níbi tí ihò amọ̀ tó jìn jù wà. Òun nìkan ni wọn ò dí. Dìákónì ní típà òun ti tán, kí n wá ìwọ̀nba tèmi dà sí i. Mo bínú, àmọ́ kí ni n ó sọ? Olè tí wọ́n fún ní ìpín tó kéré kì í lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Mo fi oṣù mẹ́ta rán aṣọ ilé ìwé fún àwọn ọmọ Bwari títí ojú fi ń dùn mí, mo rí owó típà erùpẹ̀ kan. Fèyí ti fèsì sí lẹ́tà mi. Ó ní òun ń bọ̀ ní Kérésìmesì, òun ò sì ní padà sí Ìlọrin mọ́. Ó ní kí n kun yàrá òun ní búlúù.

Yàhàyá ni orúkọ awakọ̀ tó gbé erùpẹ̀ pupa náà wá, ní ọ̀sán ọjọ́ Wẹ́sìdeè kan. Ó ń fi ẹ̀yìn wọlé, mo ń júwe fún un, bọ̀, bọ̀, bọ̀, nígbà tí mo gbójú wo inú ihò. Láràbá wà níbẹ̀. Apá odò ló gbà wọlé, níbi tí ògiri ò dé, tí mẹ́gádì ò lè rí i. Ó wà lórí ìkúnlẹ̀, ọkọ́ lórí èjìká, ó ń fi ọwọ́ họ amọ̀ sínú igbá. Ó gbọ́ ìró mọ́tò, ó gbójú sókè, ó rí ẹ̀yìn típà, ó sì rí mi.

Ká ní ó bú mi ni, n ó bú u padà, mo mọ ara mi. Ká ní ó bẹ̀ mí, bóyá n ó ti rí nǹkan sọ. Kò ṣe ọ̀kankan. Ó yára gbé igbá rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè bọ̀, obìnrin tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ó ń yọ̀, ó ń di koríko mú, kó lè tètè kúrò lọ́nà fún mi.

Mo kígbe mọ́ Yàhàyá. Mo fi ọwọ́ gbá ara típà. Ó dúró, ó yọ orí síta, ó ní ṣé orí mi pé. Mo ní kó gbé erùpẹ̀ rẹ̀ lọ. Ó ní òun ò ní dá owó padà. Mo ní mi ò béèrè owó. Ó da gbogbo rẹ̀ sẹ́bàá ọ̀nà, ó sì lọ, ó ń mi orí.

Mo sọ̀kalẹ̀ lọ bá Láràbá. Mo ní, "Padà sínú ihò. Ilẹ̀ mi ni. Ẹ máa wà á, ìwọ àti àwọn obìnrin yín. N kò ní kọ́lé sí i."

Ó dúró síbẹ̀, igbá lọ́wọ́. Ó ní, "Bísí, mo ti gbọ́ ẹnu rẹ lẹ́ẹ̀mejì." Ó mú ọkọ́ tó wà ní èjìká rẹ̀, ó nà án sí mi. "Ìwọ gbẹ́ ẹ kí n rí."

Mo ká ìró mi sókè, mo wọ inú ihò. Amọ̀ tutù, ó wúwo, ó ń fa ẹsẹ̀. Mo gbẹ́ títí igbá rẹ̀ fi kún, mo tún gbẹ́ èyí tí kò lè gbé. Ó jókòó létí ihò, ó ń wò mí. Nígbà tí mo gòkè wá, ó gbé igbá lé èjìká, ó ní n kò mọ ọkọ́ lò. Lọ́jọ́ kejì, obìnrin mẹ́rin ló bá a wá.

Ìjọ ò lé mi. Ká ní wọ́n lé mi ni, ẹsẹ̀ mi á mọ ibi tó ń lọ. Dìákónì pe ìpàdé, ó ní mo ti ba ilẹ̀ àwọn ènìyàn jẹ́, pé ta ló fẹ́ ra pulọ́ọ̀tì lẹ́bàá ihò? Kò sì tà lóòótọ́. Méjì nínú mẹ́rin rẹ̀ tó fẹ́ tà ṣì wà nílẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin gbé aṣọ ìkórè fún aránṣọ mìíràn. Ọ̀dọ́kùnrin kan láti Jọ́ọ̀sì ló ń ṣe ògbufọ̀ báyìí. Pásítọ̀ wá kí mi ní ìdákọ́ńkọ́, ó ní ohun tí mo ṣe dára, òun ń gbàdúrà fún mi. Mo ní, "Pásítọ̀, ẹ gbé àdúrà yẹn sórí pẹpẹ lọ́jọ́ Sọ́ńdè, kí àwọn yòókù lè gbọ́." Kò tíì gbé e débẹ̀.

Mo kọ̀wé sí Fèyí. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un bó ṣe rí, irọ́ tí mo pa àti ilé tí kò ní sí. Kérésìmesì ti kọjá, Àjíǹde ti kọjá. N kò tíì rí èsì. Mo máa ń lọ béèrè ní ilé ìfìwéránṣẹ́, akọ̀wé ibẹ̀ ti mọ̀ mí, á ti máa mi orí kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ẹni tó ṣe ohun tó tọ́ kì í dá wà. Mo dá wà. Àwọn alẹ́ kan wà tí mo ń kábàámọ̀ típà yẹn.

Síbẹ̀ mo ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Bẹ́ǹṣì ọ̀tún, lẹ́bàá ògiri, ni mo ń jókòó sí, èmi nìkan. Láràbá kì í ṣe onígbàgbọ́, Sọ́ńdè kò yàtọ̀ sí ọjọ́ mìíràn lójú rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, bí a ṣe tẹrí ba fún àdúrà, gbogbo wa gbọ́ ìró ọkọ́ wọn láti ìsàlẹ̀. Dìákónì dá orin, ó gbé e sókè gan-an, gbogbo ìjọ sì gbè é. Èmi ò kọrin. Mo ń tẹ́tí sí ọkọ́ náà, nítorí ibi tí wọ́n ń gbẹ́ yẹn gan-an ni yàrá Fèyí ì bá wà.